Sẹ́ẹ̀lì ara wa kì í tàn búlúù, kì í tàn ní àwọ̀ ewé

Ẹ ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí: sẹ́ẹ̀lì tí kóró inú rẹ̀ ń tàn búlúù, tí okùn tín-ín-rín aláwọ̀ ewé yí i ká, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú biribiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí inú ara wa ṣe rí gan-an nìyẹn, pé máíkírósíkóòpù kàn sọ ohun kékeré di ńlá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí a bá gé ẹran ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù láìfi aró kankan sí i, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀; ìmọ́lẹ̀ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wá aró tó mọ ibi tó ń lọ. Aró kan tí wọ́n ń pè ní DAPI, ara DNA, èròjà àjogúnbá tó wà nínú kóró sẹ́ẹ̀lì, ló máa ń lẹ̀ mọ́. Bí a bá tan ìtànṣán tí ojú kò lè rí sí i, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nánómítà 358, á gbà á, á sì dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà, ní nánómítà 461. Aró ló ń tàn yẹn, kì í ṣe DNA.

Èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní phalloidin ńkọ́? Inú Amanita phalloides, olú olóró tó ń pa ènìyàn, ni wọ́n ti rí i, okùn actin tó gbé sẹ́ẹ̀lì ró ló sì máa ń dì mọ́. Àwọn tó ń tà á ló ń so èròjà tó ń tàn mọ́ ọn. Ẹ lè ra èyí tó ń tàn pupa, ẹ lè ra èyí tó ń tàn ní àwọ̀ ewé. Okùn kan náà ni o!

Ti kámẹ́rà ló máa ń yà àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí máíkírósíkóòpù wọ̀nyí kò mọ àwọ̀: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìkan ni wọ́n ń kà. Gíláàsì asẹ́ ló ń yan ìmọ́lẹ̀ aró kan lẹ́yìn òmíràn; kọ̀ǹpútà á wá kun àwòrán kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tí onímọ̀ náà bá fẹ́, kó tó tò wọ́n lé ara wọn. Mo fara mọ́ àwọn tó ti fi magenta, àwọ̀ pupa tó dà pọ̀ mọ́ búlúù, rọ́pò pupa, torí ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé náà yẹ kó rí àwòrán kà.

Ibi dúdú kì í sì í ṣe òfìfo. Ibi tí aró kò mú lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ ṣì ni. Omi, ọ̀rá àti oríṣiríṣi prótéènì ló kún inú òkùnkùn yẹn. A kò fi aró wá wọn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí pe àwòrán náà ní irọ́. Àwọ̀ la yàn, a kò yan ibi tí aró lọ. Lórí èyí ni wọ́n ń gbára lé tí wọ́n bá fi aró auramine wá kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹlẹbẹ: ògiri ara kòkòrò náà, tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ásíìdì fọ aró yẹn dànù.

Òótọ́ ni pé àwọn ohun kan ń tàn díẹ̀ fúnra wọn, bíi collagen àti elastin, àwọn prótéènì tó so ẹran ara pọ̀, àti lipofuscin, ìdọ̀tí tó ń kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀. Nítorí náà ni iléeṣẹ́ àyẹ̀wò tó mọṣẹ́ fi máa ń fi gíláàsì kan tí wọ́n tẹ́ ẹran ara sí sílẹ̀ láìfi aró sí i, tí wọ́n á sì fi ìmọ́lẹ̀ kan náà wò ó, kí wọ́n lè mọ ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe ti aró.