Orúkọ tó jò ló ń ba iṣẹ́ jẹ́
Ìròyìn kan tí mo kà ní aṣojú ìjọba sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́ kò lè ríṣẹ́ ṣe níbi tí ará ìlú ò bá ti fẹ́ irú rẹ̀. N ò gbà. Ẹ wo Wally Brewster, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí Obama rán lọ ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Dominican Republic ní 2013. Àwọn onígbàgbọ́ ní kí awakọ̀ so ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ ọkọ̀ láti fi hàn pé àwọn ò fẹ́ ẹ, Kádínà ibẹ̀ bú u ní gbangba, síbẹ̀ ìjọba gbà á, òun àti ọkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí wọ 2017.

Kí aṣojú tó dé rárá ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Bòókẹ́lẹ́ ni ìjọba tó fẹ́ rán aṣojú ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú tó ń lọ, wọ́n á wá dúró de ìyọ̀ǹda. Abala 4 àdéhùn Vienna ti 1961, tó jẹ́ òfin àárín àwọn orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ aṣojú, sì ní ìlú tó fẹ́ gbàlejò kò níláti sọ ìdí tó fi kọ̀. Bí orúkọ bá jò sétí oníròyìn kí èsì tó dé, kò sẹ́ni tó lè yí padà mọ́ láìtẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn ní 2015 fún Laurent Stefanini tí Faransé fẹ́ fi ṣe aṣojú sí Vatican, ibùjókòó Póòpù: Vatican kàn dákẹ́ fún Faransé, oṣù ń gorí oṣù, títí Faransé fi gbé e lọ sí UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà lábẹ́ Àjọ Àgbáyé, ní 2016. Ẹnìkan kọ̀wé pé Vatican sọ ìdí fáyé, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò sọ ọ́. Àwọn oníròyìn ló ń sọ pé torí ó ń fẹ́ ọkùnrin ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú lójú mi ju èébú Kádínà lọ, torí èèyàn ò rí nǹkan kan fèsì sí.