Àìsùn kún, ẹ̀kọ́ Bíbélì ṣófo: ohun tó wà lọ́kàn mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú. Bí a bá ń wá ohun tó máa mú wa sún mọ́ Ọlọ́run gan-an, ká wá èèyàn bíi mẹ́fà, méje, ká jókòó yí Bíbélì ká, ká kà á, ká bi ara wa léèrè, ká jiyàn níbi tó bá yẹ ká jiyàn, ká wá fi ohun tá a kà gbàdúrà. Mo fi í ṣáájú àìsùn. Mo fi í ṣáájú ìsọjí ńlá tí wọ́n ń ṣe ní pápá. Ẹ má sọ pé mo ní kẹ́ ẹ má lọ sí àìsùn mọ́ o, èmi náà ń lọ.

Ẹ ṣáà gba Òkè-Fíà já sí Ọlá-Ìyá ní Òṣogbo níbí, kẹ́ ẹ wo ara ògiri. Pósítà àìsùn lórí pósítà àìsùn, ti oṣù tó kọjá ṣì ń yọjú lábẹ́ ti oṣù yìí. Tó bá di alẹ́ Fúráìdè, àga á kún dé ìta, wọ́n á tún lọ háyà kún un. Túsìdeè tó jẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Olùkọ́, ìyàwó olùkọ́, àwọn màmá tí kì í pa ìpàdé kankan jẹ, àti ọmọ tó ń mójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí òun náà ń tẹ fóònù. Wọ́n á ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ káwọn èèyàn wá. Ṣé kò síṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n máa ń tòògbé lọ ṣọ́ọ̀bù ni? Tèmi ni pé a fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà lé wa lórí ju ká jókòó gbọ́ ohun tí Ẹni tí à ń gbàdúrà sí sọ.

Ẹ wo Jeremáyà 29:11. Bóyá ni ẹsẹ kan wà tó gbajúmọ̀ tó o nílùú yìí. Ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà nínú káàdì ìgbéyàwó. Olúwa ní, "Mo mọ èrò tí mo rò sí yín, èrò àlàáfíà, kì í ṣe fún ibi." Nígbà tó kàn án nínú ẹgbẹ́ tiwa, tá a máa ń pàdé ní pálọ̀ ẹnì kan ní Ayétòrò ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ẹni tó ń darí kò gbà ká ti ẹsẹ kọkànlá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká padà sí ẹsẹ kìíní. A ń kà á lọ, ẹnì kan ẹsẹ kan. Aránṣọ kan tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí kì í sábàá lanu, ló béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn wo ni wọ́n kọ lẹ́tà yìí sí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣí. Àwọn tí Nebukadinésárì kó lẹ́rú láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì ni. Ilé bọ́ lọ́wọ́ wọn, oko bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà sì ti jáde ní orí 28, ó ní láàárín ọdún méjì péré, gbogbo wọn á ti padà délé. Ó tiẹ̀ já àjàgà kúrò lọ́rùn Jeremáyà níṣojú gbogbo èèyàn, ó sì ṣẹ́ ẹ. (Ká ní Òṣogbo ni, pósítà Hananáyà là bá máa rí lára ògiri, kì í ṣe ti Jeremáyà.) Jeremáyà ní irọ́ ni. Hananáyà kú lọ́dún yẹn náà. Ni Jeremáyà bá kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn tó wà ní Bábílónì: ẹ kọ́ ilé, ẹ gbin ọgbà, ẹ fẹ́yàwó fáwọn ọmọ yín, ẹ máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n kó yín lọ, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ kẹwàá sọ bó ṣe máa pẹ́ tó: ọdún 70.

Bí wọ́n ṣe ka ọdún 70 jáde, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì láàárín wa, tó ṣì ń retí owó àjẹmọ́nú rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti lé lógójì nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, kò ní fojú rí i?" Gbogbo wa dákẹ́. Ẹnì kan ní, "Àwọn ọmọ wọn á rí i, sà." Bàbá ní, "Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

A ò kúrò lórí ìbéèrè yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tá a wá rí, tí mi ò rò pé èmi nìkan lè dá rí, ni ẹsẹ keje. Àwọn èèyàn yìí rò pé Jerúsálẹ́mù ni Ọlọ́run wà, pé àwọn ti jìnnà sí i. Lẹ́tà yìí ní kí wọ́n gbàdúrà láti Bábílónì, ní ilẹ̀ ẹni tó kó wọn lẹ́rú. Bí wọ́n bá lè gbàdúrà níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò ní padà délé mọ́ láéláé, òun náà ní Ọlọ́run tó ń bá sọ̀rọ̀ ní Bábílónì. Bàbá kò sọ nǹkan kan mọ́, àfi pé nígbà tó kàn án láti gbàdúrà, kò mẹ́nu ba owó àjẹmọ́nú rárá. Àfìgbà yẹn la kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó gbàdúrà láìmẹ́nu bà á.

Ẹ rò ó wò ná. Ká ní orí pẹpẹ ni wọ́n ti wàásù ọ̀rọ̀ yẹn, ta ló máa nawọ́ sókè láàárín ìwàásù pé òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àmín là bá ṣe, a ó sì wá ọ̀kadà lọ sílé. Mi ò bú oníwàásù o. Ìwàásù kò gba ìbéèrè ni, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ wa fi wà níbi tá a wà.

Inú Bíbélì gan-an, mélòó lẹ ó kà nínú àwọn tó béèrè ìbéèrè? Ìwẹ̀fà ará Etiópíà ní Ìṣe 8, ọ̀gá lórí ìṣúra ọbabìnrin ni, ó lówó débi pé ó ní ìwé wòlíì Àìsáyà tirẹ̀ lọ́wọ́ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Fílípì bi í pé ohun tó ń kà, ṣé ó yé e? Ó ní báwo ló ṣe máa yé òun láìsí ẹni tó máa tọ́ òun sọ́nà. Àwọn ará Béríà ní Ìṣe 17, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló wàásù fún wọn, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, Bíbélì sì yìn wọ́n. Lóde òní, wọ́n á ní wọ́n ń ṣàfojúdi sí ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn méjì tó ń lọ sí Émáù ní Lúùkù 24 ńkọ́? Ìrìn bíi kìlómítà 11, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kéèyàn fẹsẹ̀ rìn láti ibí dé Ẹdẹ. Wọ́n ń sọ ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́, wọ́n ń bi ara wọn léèrè, àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni Jésù ti bá wọn lọ́nà.

Àwa Yorùbá ò sì ní àwáwí. Láti 1850 ni ìwé Róòmù ti jáde lédè wa láti ọwọ́ Àjàyí Crowther, nígbà tó sì di 1884, odidi Bíbélì ti pé. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tó mọ̀wé kà díẹ̀ láyé àtijọ́, Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, etí ni wọ́n fi ń kà á. Màmá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kan níwájú rẹ̀ o. Ọmọ yunifásítì kan ń ka Sáàmù lọ́jọ́ kan, ó sáré kọjá, Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, padà, o fo 'ṣùgbọ́n' kan níbẹ̀." Ó padà, ó bá a níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo fẹ́ràn kí ẹgbẹ́ wà ládàlù báyìí. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nìkan tàbí ti ọlọ́kọ nìkan, ìbéèrè kan náà lẹ ó máa bi ara yín. Ìgbà tá a ka Sáàmù 13, níbi tí Dáfídì ti ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó, ṣé títí láé ló máa gbàgbé òun ni, àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ yára lọ sí ìparí Sáàmù náà, níbi tó ti ń kọrin. Opó kan ló dá wa dúró. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, gbogbo ẹni tó wá kí òun ló ń sọ pé kí òun má sunkún mọ́, kí òun má bi Ọlọ́run ní ìbéèrè, pé Olúwa ló fún ni, Olúwa ló gbà á. Òun ò mọ̀ pé irú àdúrà báyìí wà nínú Bíbélì, pé wọ́n tún fi í ṣe orin fún olórí akọrin. Kò jẹ́ ká kọjá ẹsẹ kejì ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Obìnrin tó jẹ́ pé "Ó dáa, Olúwa" nìkan ló ń sọ fún Ọlọ́run tẹ́lẹ̀, ó wá lè sọ ohun tó ń dùn ún fún un. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìsúnmọ́ Ọlọ́run, kí ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Ṣé ẹgbẹ́ báyìí kì í dà rú? Ó ń dà rú dáadáa. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bà á jẹ́ ni oúnjẹ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á gbàlejò ẹgbẹ́, á gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ọ̀tì jáde. Ẹni tó kàn lọ́sẹ̀ kejì kò ní agbára rẹ̀, á ní ara òun ò yá. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ò ní rí i mọ́. Omi àti ẹ̀pà la fẹnu kò sí ní tiwa, ẹni tó bá sì gbé kúlíkúlí kún un, a máa ń wò ó bákan.

Èkejì ni òfófó, èyí ló burú jù. Ẹnì kan á tú ọkàn rẹ̀ jáde níbi àdúrà pé ọkọ òun ò sùn sílé, kó tó di Túsìdeè, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Ọjà Ìgbọ́nà. Ẹni tó gbé e jáde á tún ní ńṣe lòun ní kí wọ́n bá a fi sádùúrà. Mi ò mọ ìwòsàn kankan fún un ju kí ẹgbẹ́ kéré, kí wọ́n sì sọ fún olófòófó lójú ara rẹ̀ pé kó jókòó sílé. Ti ẹni tó mọ gbogbo nǹkan tán, tó máa fi ìdajì wákàtí dáhùn ìbéèrè kan, ẹ lè fún un ní ìwé kíkà tàbí kẹ́ ẹ ní kó wo aago. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ òwò "mú èèyàn méjì wá, kó o jèrè" wọlé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwọn pásítọ̀ kan kò fẹ́ irú ìpàdé yìí nílé, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìyapa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dún 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa èèyàn káàkiri, àwọn ni wọ́n kúrò nínú ìjọ náà ní 1922 lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọdé àti lílo oògùn. Nígbà tí ìsọjí Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, tí kò jìnnà sí wa níbí, wọ́n wà nídìí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ti jáde wá. Nítorí náà, pásítọ̀ tó ń bẹ̀rù mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ohun tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́ ni pé kí òun náà wá jókòó, lórí bẹ́ńṣì, láàárín wa, kó ka ẹsẹ tó bá kàn án. Ọ̀kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó gbádùn ẹ̀pà wa.

Nípa bẹ́ńṣì, Alhaji onílé ló yá wa. Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé kì í fi àsàlátù wọn ṣeré, bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé tiwa kò ní sí lọ́sẹ̀ yìí ni. Ojú máa ń tì wá tá a bá ní kò sí.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má dúró de ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ìwé Rúùtù bẹ̀rẹ̀: orí mẹ́rin péré ni, ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ebi wà níbẹ̀, opó wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní rí nǹkan sọ. Tẹ́ ẹ bá parí rẹ̀, ẹ bọ́ sínú Máàkù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Ìfihàn bẹ̀rẹ̀ o. Mo mọ ẹgbẹ́ kan ní ìgboro yìí tó fi í bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà 666 yẹn ni wọ́n ń jà lé lórí títí wọ́n fi tú ká.