Sáfà ayédèrú tí kì í ṣàìsàn

Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù ní Alágbàká l'Àkúrẹ́, ẹ yé fi sáfà ayédèrú (mock, kóòdù tó ń dáhùn bíi sáfà gidi nígbà ìdánwò) tí kì í ṣe àṣìṣe dán iṣẹ́ wò! Ìdáhùn rẹ̀ ń dé kí èèyàn tó ṣẹ́jú, 200 (àmì pé gbogbo rẹ̀ dáa) ni ṣáá, orúkọ pé, àkójọ kì í ṣófo. Tẹ́ẹ̀sì yege, ẹ gbé e jáde. Ìyá aláṣọ l'Ọjà Ọba wá tẹ bọ́tìnì ìsanwó, ojú ìwé dákẹ́ lọ gbári. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, owó kan náà jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá ń di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì!

Sáfà gidi máa ń falẹ̀. Bó bá jẹ́ MSW, irinṣẹ́ tó ń ṣe sáfà ayédèrú, lẹ ń lò, kí ló ṣòro nínú kí ẹ kọ await delay(8000) ṣáájú HttpResponse.json tó ń dá èsì padà? Ìṣẹ́jú àáyá 8 péré, ẹ ó fi ojú ara yín rí i pé bọ́tìnì yẹn ṣì ṣeé tẹ̀. Ẹ ò tún so AbortSignal.timeout, tó ń dá ìbéèrè dúró bó bá pẹ́ jù, mọ́ fetch tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀, àfi kí oníbàárà máa wojú fóònù. Route.abort() wà nínú Playwright, irinṣẹ́ tó ń dán ojú ìwé wò nínú búráúsà, láti gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójijì, ẹ ò fọwọ́ kàn án rí.

Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni 502, àmì pé sáfà ẹ̀yìn kò dáhùn dáadáa. Bí sáfà ẹ̀yìn bá kú, nginx, sáfà tó ń gba ìbéèrè níwájú rẹ̀, kì í fi JSON (irú èsì tí áàpù ń retí) dáhùn, ojú ìwé HTML ló ń jù síni. Kóòdù tó sáré pe response.json() láti ka JSON, láì wo response.ok bóyá ìdáhùn dáa, á fọ́ lórí àmì < àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ HTML gan-an, ojú ìwé á funfun báláú. Ìdáhùn ayédèrú tó jẹ́ HTML kò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ!

Owó ńkọ́? Kọ́bọ̀ ni Paystack, iléeṣẹ́ tó ń gba ìsanwó, ń kà: 500000 ni ₦5,000. Ẹ kọ 5000 sínú ayédèrú yín bíi náírà, tẹ́ẹ̀sì ní ó dáa, 500000 wá dé láti ọ̀dọ̀ Paystack gidi, oníbàárà rí ₦500,000. Nọ́ńbà fóònù náà, ẹ kọ ọ́ bíi nọ́ńbà lásán láìsí àmì àyọlò (" "), òdo iwájú bá sọnù.

Ẹ ṣí Network nínú DevTools (irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ áàpù) búráúsà, ẹ da ìdáhùn sáfà gidi kọ, ẹ yọ orúkọ oníbàárà kúrò. Ẹ sì fi onUnhandledRequest MSW sí 'error', kí ìbéèrè tí ẹ gbàgbé má baà yọ́ kọjá lọ bá sáfà gidi.