Ẹ má tíì ra fáànù mìíràn, ẹ wo páìpù orí àjà

Bí èéfín bá kọ̀ tí kò jáde ní kíṣìnì, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń sọ: "Fáànù yẹn ò lágbára, ẹ lọ ra èyí tó tóbi." Oníná á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta fáànù ní Kábà náà á sọ bẹ́ẹ̀ (kí ni kó tún sọ?). Onílé á gbà, á sì tún kó owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti gun àjà wọn, fáànù ò jẹ̀bi ohunkóhun. Páìpù ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kan kọ́lé sí Mọ̀pà. Ìyàwó wọn kì í jẹ́ kí àárọ̀ Sátidé kọjá láìdin àkàrà, bí òróró bá sì ti gbóná, èéfín á gba pálọ̀ kọjá, á lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì. Wọ́n ti ra extractor, fáànù tó ń fa èéfín jáde, lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó kẹ́yìn ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n wá pè mí: "Àbúrò, bá mi wá irú èyí tí wọ́n ń lò ní òtẹ́ẹ̀lì." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gun òkè ná."

Agogo méjì ọ̀sán ni, nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹni tó bá ti wọ abẹ́ páànù nírú àkókò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ojú mi rí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí i: páìpù rírọ̀ aláwọ̀ fàdákà, irú èyí tó ń nà tó sì ń kì bí ìfun màlúù, íńṣì 4. Láti orí ìdáná dé ògiri ìta ò ju mítà 2 lọ, ṣùgbọ́n mítà 6 ni wọ́n rà, wọn ò sì gé e. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ síbẹ̀, ó ká bí ejò tó yó. Níbi tó ti rọ̀ sílẹ̀ láàárín igi méjì, omi àti òróró ti dágún síbẹ̀. Mo gbé e sókè díẹ̀, ó ń dún pọ̀lọ̀pọ̀lọ̀. Níwájú díẹ̀, káfíńtà ti fi okùn so ó mọ́ igi títí ọrùn rẹ̀ fi fún. Ẹnu rẹ̀ gan-an ò dé ìta. Orí àjà ló ń tú gbogbo èéfín àkàrà sí, láàárín ìgbẹ́ àdán.

Fáànù wo ló fẹ́ borí ìyẹn?

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kọjá nínú páìpù ló ń fara gbo ògiri rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí iye afẹ́fẹ́ tó ń gba páìpù íńṣì 6 gba íńṣì 4, ìdènà tí fáànù yóò bá pàdé á ju ìlọ́po 7 lọ. Íńṣì 2 péré lojú rí, kò jọ ohun tó lè le tó bẹ́ẹ̀. Kókó ara páìpù rírọ̀ tún wà ńbẹ̀: bí ẹ ò bá nà án tán, ó ń di afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ gan-an. Igun kọ̀ọ̀kan tó bá yà, bí ẹni fi gígùn kún páìpù ni. Iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára páálí fáànù ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń fẹ́ nígbà tí kò sí páìpù kankan lẹ́nu rẹ̀ ni.

Mo gbà pé ibì kan wà tí fáànù ti lẹ́bi. Èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ lásán, tí wọ́n ṣe fún ihò ara ògiri, kò lágbára láti ti afẹ́fẹ́ gba páìpù gígùn. Tí ọ̀nà bá jìn, irú èyí tí wọ́n ń dè sáàárín páìpù ló yẹ. Ṣùgbọ́n mítà 2 ni tẹ̀gbọ́n mi.

Kí n tó tú nǹkan kan, mo mú ọ̀rá ìdalẹ̀nù dúdú tó ń gba nǹkan bí 60 lítà, mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo fi ẹnu rẹ̀ bo ẹnu páìpù, mo ń wo aago. Ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 5 kó tó kún. Ìyẹn ò tó lítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òfin ìkọ́lé England ń béèrè 30 fún fáànù tó wà lórí ìdáná gan-an, 60 bó bá wà níbòmíràn nínú kíṣìnì.

A yọ páìpù rírọ̀ náà kúrò. A fi páìpù líle íńṣì 6 sí i, a gbà á tààrà dé ìta, a jẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀nà ìta kí omi oru má bàa ṣàn padà sórí ìdáná. Téèpù fàdákà la fi dí oríkèé rẹ̀. Téèpù aláṣọ á gbẹ, á sì ṣí nínú ooru àjà. Lẹ́nu ìta, a fi ìdérí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ sí i nítorí àdán. Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn síbẹ̀ o: òróró á dí i láàárín oṣù díẹ̀. Fáànù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti jù sí sítọ́ọ̀ la dá padà. Ọ̀rá náà kún kí ìṣẹ́jú-àáyá 2 tó pé.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde gbọ́dọ̀ rí ibi wọlé. Lásìkò ọyẹ́, a máa ń ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku. Fáànù á wá máa fa afẹ́fẹ́ gba ibi tó bá rí, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì wà lẹ́yìn kíṣìnì, èéfín rẹ̀ ni yóò fà wọlé. Èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kò lóòórùn. Ní Mọ̀pà, a gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kíṣìnì díẹ̀, a ṣí fèrèsé kan ní ìhà pálọ̀, a sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà lọ sí ìdí ọgbà. Ẹ̀gbọ́n jiyàn lórí ìyẹn ju lórí páìpù lọ, nítorí wáyà tí wọ́n máa rà.

Fáànù méjì yòókù ti wà nínú páálí báyìí. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ẹni tó máa rà wọ́n.