Mary méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Mo rí i tí wọ́n ń pín in kiri pé Elizabeth Kìíní, ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, bẹ́ orí Mary, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí adé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mary méjì ni wọ́n dà pọ̀.

Mary Tudor, ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹ̀gbọ́n Elizabeth, ọmọ bàbá kan náà. Àìsàn ló pa á ní 1558. Elizabeth sì gorí ìtẹ́.

Mary Stuart, ọbabìnrin Scotland, ni wọ́n bẹ́ lórí ní 1587. Elizabeth fi ọdún 9 jù ú lọ. Ìyá bàbá Mary yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá Elizabeth. Ibẹ̀ gan-an ni Mary Stuart ti ń bèèrè adé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo ibojì wọn ní Westminster Abbey, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní London. Elizabeth àti Mary Tudor jọ sùn sínú ẹyọ kan, wọ́n sì fín in sára rẹ̀ lédè Látìn pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ti Mary Stuart wà lápá kejì, lọ́tọ̀.