Irọ́ ni pé ọmọ Èkó nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò l'Èkó

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde. Ẹ ó gbọ́ ọ nínú dáńfó láti Òṣòdì dé Ọbáléǹdé, ẹ ó kà á lórí WhatsApp àdúgbò: "Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Èkó, kó lọ dìbò nílùú bàbá rẹ̀." Àwọn tó ń sọ ọ́ gbà pé òfin ni. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ fún náà ti ń gbà á gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì wulẹ̀ forúkọ sílẹ̀ mọ́.

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 77 àti 117, sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé nílẹ̀ yìí lásìkò ìforúkọsílẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti di olùdìbò. Òfin ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, wá là á mọ́lẹ̀: ibi tí èèyàn ń gbé, tàbí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ó lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Ẹni tó ń gbé Bàrígà, tó ń tajà ní Balógun, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Owerri, kò jalè bó bá dìbò ní Bàrígà.

Ẹ mú káàdì ìdìbò yín jáde kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ilé náà wà níbẹ̀. Ìlú bàbá yín kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé orúkọ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí ibùdó ìdìbò, tí gbogbo wa máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá ojú ara wa nínú rẹ̀: fọ́tò, orúkọ àti nọ́mbà ni. Ẹ̀rọ BVAS tí òṣìṣẹ́ INEC gbé dání, ìka yín tàbí ojú yín ló fẹ́ rí. Kì í béèrè ẹ̀yà.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Tá a bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ fún ọmọ iléèwé, tá a bá ń wá iṣẹ́ ìjọba, ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìwé òfin gan-an sọ pé ààrẹ gbọ́dọ̀ yan ó kéré tán mínísítà kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ó ti wá mọ́ wa lára débi tá a fi gbé e wọnú ìdìbò, níbi tí kò ti ní iṣẹ́ kankan.

Àwọn kan á ní láyé àtijọ́, Èkó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Nígbà tí Èkó kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú sílé aṣòfin, ní 1923, ọkùnrin tó ti gbé ìlú fún oṣù 12, tó sì ń rí £100 lọ́dún, ló lè dìbò. Òfin yẹn burú, nítorí ó ti àwọn obìnrin àti àwọn tálákà síta. Síbẹ̀, kò ní dandan kí olùdìbò jẹ́ ọmọ Èkó. Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay ló kó ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Èkó. Nínú àwọn tó wọlé, Gáḿbíà ni wọ́n bí Egerton-Shyngle sí, Sàró ni wọ́n bí Adeniyi-Jones sí. Ní 1951, Èkó dìbò fún Nnamdi Azikiwe, ọmọ Onitsha, àti fún Adeleke Adedoyin, ọmọ ọba láti Rẹ́mọ, kí wọ́n lọ ṣojú òun nílé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn bàbá wa ni wọ́n dìbò yẹn. Ìlú kò bàjẹ́.

Ẹ̀yin Yorùbá bíi tèmi tẹ́ ẹ ń pín ọ̀rọ̀ yìí kiri, ẹ rò ó síwájú. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ìyá tó ń ta ata ní Mile 12, tó wá láti Ọ̀yọ́, kò lè dìbò. Awakọ̀ tó wá láti Ìkìrun kò lè dìbò. Bàbá ará Èkìtì tó ti kọ́lé sí Ìpájà láti ọgbọ̀n ọdún kò lè dìbò. Ta ló máa wá kù? Oyè ọba, ilẹ̀ ìdílé àti Ẹ̀yọ̀ ní àwọn tó ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń fi ìwé ìdìbò gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe jàǹbá. Ní March 18, 2023, ọjọ́ ìdìbò gómìnà, wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn láwọn ibùdó ìdìbò kan l'Èkó nítorí pé wọ́n fura sí ojú wọn tàbí orúkọ wọn. Àwọn Yorùbá kan tí wọ́n rò pé wọn kì í ṣe Yorùbá wà nínú wọn. Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ olùdìbò ló ń rú òfin, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú ẹ̀. Nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 7 tó wà nínú ìwé orúkọ l'Èkó lọ́dún náà, àwọn tó jáde fún ìdìbò ààrẹ kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. A kò ní èèyàn tá a máa lé padà.

Ẹni tó bá ti kó kúrò ní Ṣómólú lọ sí Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, kó má lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òfin kọ̀ ọ́, ẹ̀rọ INEC sì máa ń fi ìka àti ojú mú irú wọn: ṣáájú ìdìbò 2023, wọ́n yọ orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 2.7 dànù nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láàárín 2021 sí 2022. Kó lọ sí ọ́fíìsì INEC nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ, kó ní kí wọ́n bá òun gbé orúkọ òun wá sí Ìkòròdú. Kó tètè lọ o, nítorí wọ́n máa ń ti ìwé náà pa tó bá ku oṣù mélòó kan sí ìdìbò, ọkọ̀ kì í sì rìn lọ́jọ́ ìdìbò tá á fi ní òun fẹ́ sáré lọ sí Ṣómólú. Ọ̀fẹ́ ni; ẹni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, kó má fún un ní kọ́bọ̀.