Ẹja Màláwì nínú omi Adó: ṣé kí a kó wọn jọ ni, àbí kí a mú tilé?

Ọmọ Adó: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì tó ń sin ẹja ẹ̀ṣọ́. Mo ti ra táńkì onígíláàsì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó ń gba omi bíi lítà 250. Ẹja adágún Màláwì ni mo fẹ́ kó sí i: àwọn yẹ́lò, àwọn búlúù, auratus onílà dúdú, peacock mẹ́rin, kí n wá fi Oscar méjì kún un kó lè rẹwà. Omi bohó ilé wa ni màá lò, òkúta sì kún ẹ̀yìnkùlé. Kí lẹ rí sí i?

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́: Àbúrò, o kú oríire táńkì. Oscar kọ́kọ́ jáde ná. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, omi rírọ̀, tí èròjà òkúta kò pọ̀ nínú rẹ̀, ni tirẹ̀, ohunkóhun tó bá sì gba ẹnu rẹ̀ wọlé, oúnjẹ ni. Auratus náà, fi í sílẹ̀ fún ọ̀tá rẹ. Kò ju ìka mi lọ nígbà tí mo rà á, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ pẹ̀lú ìlà dúdú gbọọrọ. Àṣé akọ ni. Bó ṣe ń dàgbà ni ara rẹ̀ ń dúdú, ó gba igun kan, ó gba ìkejì, títí gbogbo táńkì fi di tirẹ̀. Mo bá yẹ́lò mi kan lẹ́yìn páìpù asẹ́ omi, ó dorí sókè, ìrù rẹ̀ ti di àkísà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ tí kò lè jáde wá jẹun.

Bọ̀dá Ìjerò: Àǹtí, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ẹja yín ni kò pọ̀ tó. Àwọn tó ń gbé àárín òkúta, tí àwọn ará Màláwì ń pè ní mbuna, bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà péré, ọ̀kan á sọ ìyókù di ẹrú. Kó 25 sí i, àbúrò mi, akọ 1 sí abo 3. Ẹni tó fẹ́ jà kò ní mọ èyí tí yóò lé. Ṣùgbọ́n mo gbà pé kí auratus má wọlé, kí o sì yọ peacock. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni tiwọn, inú iyanrìn ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ, mbuna á kàn máa fìyà jẹ wọ́n ni.

Ọlọ́bẹ̀ Lọlọ́kọ: Ẹja 25, kò ní sí ọ̀kan tó máa wọ ìkòkò? Ará Adó ti lówó o. Epiyà mẹ́ta péré lèmi ń wá fún iyán alẹ́ yìí.

Tísà Ìfàkì: Ìwọ ń ṣeré, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí epiyà ni gbogbo wọn. Ìdílé kan náà ni, cichlid. Bí abo epiyà odò Náílì ṣe ń fi ẹnu gbé ẹyin ni abo mbuna ń ṣe: bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń pa ẹnu dé, tí àgbọ̀n rẹ̀ á wú bí ẹni tó ju obì sẹ́nu.

Ọmọ Adó, omi lèmi ń bèèrè. Omi adágún Màláwì le, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí; bó bá ṣe ga sí i ni kíkan ń dín kù) ń lọ láti 7.7 dé 8.6. O ti wọn ti bohó yín?

Ọmọ Adó: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n tán ni, ẹ̀gbọ́n. 6.6. Ṣé òkúta ẹ̀yìnkùlé kò ní gbé e sókè?

Tísà Ìfàkì: Kò ní gbé nǹkan kan. Àpáta giranáìtì ni tiwa, kì í yọ́ sínú omi bí òkúta ẹfun. Kán fínígà sí i lára, bí kò bá hó, ibi ìsápamọ́ lásán ló máa jẹ́ fún ẹja. Ìkarahun ìgbín ni kí o wá. Sè é, fọ̀ ọ́, run ún wẹ́wẹ́, kó o sínú àpò tín-ín-rín, kí o fi sínú asẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́. Kí o tó da iyanrìn, gbé òkúta jókòó sórí gíláàsì ìsàlẹ̀ ná. Àwọn ẹja yìí ń walẹ̀ bí òkété, bí wọ́n bá wa abẹ́ òkúta, ó máa wó lu gíláàsì.

Ọlọ́bẹ̀ Lọlọ́kọ: Ẹ ṣáà má lọ ṣẹ́ òkúta lára àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ o.

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́: Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. A ò ní kó o wá sọ́dọ̀ wa.

Bọ̀dá Ìjerò, ẹja 25 tí ẹ ní kó kó jọ, iná ńkọ́? Wọ́n mú iná lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ mi kọ̀, kò dáhùn. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo táńkì ní aago mẹ́ta òru, gbogbo wọn ti wà lókè omi, tí ẹnu wọn ń ṣí, tó ń pa dé. Mo mú kọ́ọ̀bù, mò ń bu omi, mò ń dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, títí ilẹ̀ fi mọ́. Mọ́kànlá ló kú. Asẹ́ tó dákẹ́, ìgbẹ́ ẹja tó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ omi tí pH rẹ̀ ga ni amóníà, májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja jáde, ti ń pa ẹja jù.

Èmi ti padà sí tiwa. Ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ kribensis, omi gúúsù Nàìjíríà níbí ni ilé rẹ̀. Bí abo bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n bíi pé wọ́n fi osùn pa á. Ìkòkò amọ̀ kékeré tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ló ń yé sí, akọ á máa ṣọ́ ìta. 6.6 tó o wọ̀n yẹn, kò ní fẹ́ kó o fi nǹkan kan kún un.

Bọ̀dá Ìjerò: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí, ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹja tí kò ju ìka lọ nínú táńkì ẹsẹ̀ bàtà 4? Àwọ̀ tí àlejò á ti rí láti ẹnu ọ̀nà lọmọ yìí ń wá. Pọ́ǹpù oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi wà, fúnra rẹ̀ ló ń tàn bí iná bá lọ. Méjì ni mo ní. Ẹja 22 ló wà ní táńkì mi láti ọdún mẹ́rin, mo ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi lọ́sẹ̀. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ ni kí o má fún wọn, àbúrò. Ewé tó ń yọ̀ lára òkúta ni mbuna ń họ jẹ nílé wọn, oúnjẹ ẹran á wú wọn níkùn. Tẹ̀tẹ̀ tí a bọ̀ díẹ̀, wọ́n á jà sí i.

Tísà Ìfàkì: Èyí ó wù kó o mú, jẹ́ kí asẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó o tó kó ẹja rẹpẹtẹ sí i. Kòkòrò tíntìntín tó ń sọ amóníà di nǹkan mìíràn kì í dé lọ́jọ́ kan.

Ọmọ Adó: Ẹ ṣé gan-an. Oscar, auratus àti peacock ti jáde. Mo ra pọ́ǹpù oníbátìrì lánàá, mo yọ ọ́ kúrò lára iná láti dán an wò. Wákàtí mẹ́fà ló fi ṣiṣẹ́. Àdúgbò wa, bí wọ́n bá mú iná, ó máa ń tó mẹ́wàá. Àǹtí, níbo lẹ ti ra kribensis yín?

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́: Rà kẹ̀? Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà Tísà bá pé, wá mú mẹ́fà. Ike onídèérí ni kó o mú wá, má gbé ọ̀rá wá.

Bọ̀dá Ìjerò: Ọjọ́ tó o bá ra pọ́ǹpù kejì, pè mí. Yẹ́lò mẹ́wàá ń dúró dè ọ́ ní Ìjerò.